Láti Ẹ̀bá Gọ́tà Dé Etí Ọ̀sà: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣómólú àti Bàrígà Ṣe Lè Ṣe Iṣẹ́ Pápá Lórí Ẹ̀dá àti Àyíká

Orí yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ girama tí tíṣà bàọ́lọ́jì ní kó lọ ṣe iṣẹ́ pápá, tó wá wo ọ̀tún, wo òsì ní Ṣómólú, tí kò rí pápá kankan. Ilé ló kan ilé, kẹ̀kẹ́ Márúwá kún títì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún tọ̀sán-tòru. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ kìnnìún, ẹtu àti koríko ọ̀dàn. Pa ìwé yẹn dé ná. Ohun tí o fẹ́ kà wà lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ rẹ, ó wà lẹ́bàá gọ́tà, ó sì wà ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ Bàrígà, níbi tí afárá Third Mainland ti hàn kedere.

Tí o bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀lé ìgbésẹ̀ tó wà níhìn-ín, wàá ní àwòrán ibì kan tí o mọ̀ dunjú, iye ẹ̀dá tó ń gbé ibẹ̀, àti àkọsílẹ̀ ẹni tó ń jẹ ẹnì kejì. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi habitat, population àti community tí wọ́n máa ń béèrè nínú ìdánwò yóò wọlé sí ọ lára lẹ́nu iṣẹ́. O kò ní láti há wọn sórí lóru ọjọ́ ìdánwò.

Ohun èlò

Kó wọn jọ kí o tó jáde nílé. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ná ọ lówó.

– Ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́nsùlù. Àwọn atẹ̀wé pọ̀ gan-an ní Ṣómólú. Lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọn, kí o sì tọrọ àjákù pépà àti páálí tí wọ́n gé kúrò lára iṣẹ́. Ran pépà náà pọ̀. Fi páálí líle ṣe ohun tí wàá máa tẹ́ ìwé lé. Má lo báírò, kì í kọ dáadáa lórí pépà tó bá rin.

– Férémù onígun mẹ́rin, tí inú rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Paípù ike táwọn púlọ́ńbà ń lò ló dára jù, ṣùgbọ́n igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin àti okùn náà yóò ṣe é. Quadrat ni ìwé ìdánwò ń pè é.

– Tépù télọ̀, okùn gígùn tó tó 10 mítà, àti èèkàn méjì.

– Àwo ike funfun kan, àsẹ́, kọ́ọ̀pù ike mẹ́rin, ìgò ike ẹlẹ́nu gbòòrò mẹ́ta.

– Àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn. Gba nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé lọ́wọ́ káfíńtà, rán an mọ́ wáyà tí o tẹ̀ ní róbótó, kí o sì dè é mọ́ igi ìgbálẹ̀. Má lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín ní ọsibítù. Oògùn tí wọ́n rẹ ẹ́ sí ń pa ẹja àti kòkòrò inú omi, òkú ni wàá sì máa kà.

– Tẹmọ́mítà láti yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́. Béèrè fún èyí tí omi inú rẹ̀ pupa. Èyí tó ní mákúrì nínú kò yẹ ní pápá, nítorí tó bá fọ́, májèlé ló dà sílẹ̀ yẹn.

– Awò ọwọ́ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àti fóònù fún fọ́tò.

– Bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọṣẹ, jẹ́ríkánì omi mímọ́ kan, àti báńdéèjì.

Ohun kan ṣì kù tí ìwọ fúnra rẹ yóò ṣe, ìyẹn àwo tí a fi ń wọn bí omi ṣe mọ́ tó. Mú ìdérí ike ọ̀dà tó funfun, gé e ní róbótó kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, kí o fi ọ̀dà dúdú kun méjì tó dojú kọ ara wọn. Lu ihò sí àárín, so irin sí ìsàlẹ̀ kó lè rì, kí o so okùn mọ́ òkè, kí o sì ta kókó sí okùn náà ní 10 sẹ̀ǹtímítà, 10 sẹ̀ǹtímítà. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan ní Ítálì, Angelo Secchi, ló fi irú àwo báyìí wọn omi òkun láti inú ọkọ̀ ojú omi Póòpù ní ọdún 1865. Orúkọ rẹ̀ ni àwo náà ń jẹ́ títí dòní. Funfun lásán ni tirẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló fi dúdú kún un.

Yíyan ibi iṣẹ́

Ibi mẹ́ta ni mo máa ń fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́: àyè koríko inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀bá gọ́tà àdúgbò, àti etí ọ̀sà. Ẹyọ kan ni kí o yàn. Ẹni tó bá fẹ́ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kì í mọ ìkankan dáadáa.

Tí o kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ bíi CMS Grammar School, tó ti wà ní Bàrígà láti ọdún 1959, ṣì ní ilẹ̀ gbayawu. Bí tìrẹ kò bá tiẹ̀ ní ju bí yàrá méjì lọ, ó ti tó. Ilẹ̀ kékeré tí o padà sí lẹ́ẹ̀mẹ́rin sàn ju igbó ńlá tí o gba àárín rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Etí ọ̀sà ló ní ẹ̀dá jù, òun náà ló sì léwu jù. Má dá lọ síbẹ̀. Ẹ lọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú tíṣà tàbí àgbàlagbà kan, kí ẹnì kan nínú yín jẹ́ ọmọ àdúgbò náà. Ní àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Tíṣà ló yẹ kó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá kàn ọ́, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní: “Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Ẹja, alákàn àti ewé ojú omi la fẹ́ kà fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ibi tí a lè dúró sí hàn wá.” Fi lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ hàn wọ́n. Èyí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé lásán lọ. Ìjọba wó apá kan Makoko ní oṣù keje ọdún 2012. Ní ọdún 2016 àti 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame kúrò létí ọ̀sà kan náà yìí. Àjèjì tó bá gbé tépù àti fóònù wá sí ìdí ilé ẹni tó ń gbé etí omi, sọ̀fẹ́yọ̀ ni wọ́n máa kà á sí. Sọ iṣẹ́ tí o wá ṣe kí o tó na tépù. Má ya fọ́tò ènìyàn, ilé tàbí ọkọ̀ wọn láìgba àṣẹ.

Ìkìlọ̀ tí o gbọ́dọ̀ kà kí o tó wọ bàtà

Má sún mọ́ gọ́tà tàbí kánáàlì nígbà tí òjò bá ṣú, tó ń rọ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ní Bàrígà, òjò lè kún gọ́tà dé ojú títì kí o tó ká okùn rẹ. Tí omi bá ti bo ilẹ̀, ìwọ kò lè mọ ibi tí gọ́tà parí sí mọ́.

Má bọ́ sínú ọ̀sà rárá. Iṣẹ́ inú orí yìí kò nílò ọkọ̀, kò sì nílò kí omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ. Tí tíṣà bá ní dandan ẹ óò wọ ọkọ̀, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù ààbò ojú omi kó sì so okùn rẹ̀ pa kí ọkọ̀ tó ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, ń wí. Tí kò bá sí ẹ̀wù, kò sí ọkọ̀. Ẹrẹ̀ etí omi máa ń gbé ènìyàn mì: fi igi gún iwájú rẹ wò kí o tó gbé ẹsẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ìgbà tí omi yóò kún, nítorí ibi tí o dúró sí ní aago méje lè ti di omi ní aago mẹ́wàá.

Ìgbẹ́, ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ wà nínú omi àti pàǹtí wa. Má ki ọwọ́ lásán bọ ibi tí ojú rẹ kò tó. Má tọ́ omi wò, ì báà jẹ́ láti mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Má jẹun lẹ́nu iṣẹ́. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí o tó fọwọ́ kan ojú tàbí ẹnu; àwọn tó rí onígbáméjì tó jà ní Èkó ní ọdún 2024 kò ní bá ọ jiyàn lórí èyí. Tí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ, ìwọ ni kí o jẹ́ akọ̀wé lọ́jọ́ náà, kí ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ omi. Tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ fún wọn pé o fọwọ́ kan omi ọ̀sà.

Tí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dè é gírígírí, ẹ má fẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó ni 112 tàbí 767. Fi sórí fóònù rẹ báyìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ya ibi náà

Jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ya ibi iṣẹ́ rẹ bí ẹni tó ń wò ó láti òkè: ògiri, igi, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà, ibi tí omi ń dúró sí, ibi tí òjìji máa ń wà. Fi tépù wọn gígùn àti ìbú rẹ̀. Kọ ọjọ́, aago, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn; tó bá jẹ́ etí ọ̀sà, kọ bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà.

Ibi tí o yà yìí ni habitat, ibùgbé àwọn ẹ̀dá tí o fẹ́ kà. Kì í ṣe “Èkó”, kì í sì ṣe “inú omi”. “Ẹsẹ̀ ògiri àríwá, lẹ́yìn yàrá SS2, tí oòrùn ń dé láàárọ̀ nìkan” ni ìdáhùn tó kún.

Ìgbésẹ̀ kejì: wọn ohun tí kò lẹ́mìí

Gbé tẹmọ́mítà sínú òjìji, jìnnà sí ara rẹ, kí o dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kí o tó kà á. Ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, lórí ilẹ̀, àti nínú omi tó bá wà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òjìji àti oòrùn yóò ṣàlàyé ìdí tí ìgbín àti ekòló fi wà níhìn-ín tí wọn kò sí lọ́hùn-ún.

Bu ilẹ̀ kún ìdá mẹ́ta ìgò kan, rọ omi sí i títí dé ọrùn, dé e, kí o sì mì ín dáadáa. Gbé e kalẹ̀. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rì, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ilẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, amọ̀ yóò sì dé lọ́jọ́ kejì. Fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Èérún ewé tó bá léfòó ni ohun tó ń jẹrà, kọ òun náà.

Tó bá jẹ́ ọ̀sà, dúró lórí èbúté tàbí pákó tó dúró gbọin, kí ẹnì kan di ẹ̀yìn aṣọ rẹ mú. Sọ àwo Secchi kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí o kò fi rí i mọ́, ka kókó. Fà á sókè títí tí o fi tún rí i, ka kókó. Ro méjèèjì pọ̀, pín in sí méjì. Ṣe é nígbà tí oòrùn bá ti ga, ní apá ibi tí òjìji wà. Ọ̀sà wa kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Tí àwo bá kan ilẹ̀ kó tó pòórá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o kọ ọ́.

Fún iyọ̀, bu omi ọ̀sà 100 mílílítà sínú àwo páńda, sá a sóòrùn kó gbẹ tán, kí o wo ohun tó kù nídìí àwo. Pa àwo náà mọ́, wàá nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí ewé ojú omi.

Ooru, ìmọ́lẹ̀, iyọ̀, irú ilẹ̀ àti omi ni wọ́n ń pè ní abiotic factors. Olùdánwò kì í fún ènìyàn ní máàkì nítorí pé ó to orúkọ wọn. Iye tí o wọ̀n ni wọ́n ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ka ewéko

Ìwé máa ń sọ pé kí o ju férémù sẹ́yìn láìwòye. Nínú ọgbà tí ọmọ kún, orí ẹlòmíràn ni wàá jù ú sí. Ọgbọ́n mìíràn nìyí: kọ nọ́ńbà 1 sí 10 sórí pépà kéékèèké, kó wọn sínú tíń mílíìkì, kí o sì mú méjì. Àkọ́kọ́ ni iye ìṣísẹ̀ síwájú láti igun ilẹ̀, èkejì ni iye ìṣísẹ̀ sí ọ̀tún. Ibi tí o bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni kí o tẹ́ férémù, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí ewé kankan níbẹ̀. Òdo náà jẹ́ iye. Ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ewé ti pọ̀ ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣeré.

Ka ewéko kọ̀ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ wà nínú férémù. Gbági tó le bí okùn ni wàá rí jù lójú ọ̀nà. Wàá rí ìgbálódé, olódòdó funfun tí àárín rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àti patanmọ́ tó ń ká ewé rẹ̀ tí o bá fọwọ́ kàn án. Wàá rí tẹ̀tẹ̀ nídìí ààtàn. Èyí tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀, pè é ní “Ewé A”, ya fọ́tò rẹ̀ àti ti òdòdó rẹ̀, kí o béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta ewé àti egbò lọ́jà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká sọ pé o tẹ́ férémù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí gbogbo ìgbálódé tí o kà jẹ́ 35. Inú férémù kan jẹ́ 0.25 mítà onígun mẹ́rin; mẹ́wàá jẹ́ 2.5. Fi 2.5 pín 35, ó di 14 nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Density nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé inú férémù 6 nínú 10 ni ìgbálódé ti fojú hàn, frequency rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìgbálódé tó wà lórí ilẹ̀ náà lápapọ̀ ni population. Tí o bá fi gbági, patanmọ́, èèrà, alángbá àti gbogbo ẹ̀dá yòókù kún un, community ló dà. Tí o bá tún fi oòrùn, omi àti ilẹ̀ tí o wọ̀n sí i, o ti dé ecosystem.

Tí àyè bá wà, na okùn láti àárín ọ̀nà tí ènìyàn ń tẹ̀ dé ẹsẹ̀ ògiri, kí o tẹ́ férémù sí i ní mítà kan, mítà kan. Wo bí gbági ṣe ń dín kù tí àwọn ewé rírọ̀ ń pọ̀ sí i bí o ṣe ń jìnnà sí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló pín ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wá ẹran

Ẹran kì í dúró dè ọ́. Gbẹ́ ihò mẹ́rin, kí o ri kọ́ọ̀pù ike sí i kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Fi abẹ́rẹ́ lu ìdí rẹ̀ kí omi lè jò, kí o fi páálí tí òkúta kéékèèké gbé sókè bò ó. Èèrà, aláǹtakùn àti yímíyímí yóò jábọ́ sínú rẹ̀ lóru. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Má dẹ ẹ́ ní Furaidé kí o wá wò ó ní Mọ́ńdè. Èyí tó lágbára yóò ti jẹ èyí tí kò lágbára tán. Fi igi yí òkúta padà kí o tó fọwọ́ kàn án, nítorí àkeekèé.

Ẹ̀bá gọ́tà ni mo fẹ́ kí o pẹ́ sí díẹ̀. Yan ibi tí omi ti ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní àárọ̀ tí kò sí òjò, wọ ìbọ̀wọ́, kí o fi kọ́ọ̀pù ọlọ́wọ́ gígùn bu omi sínú àwo funfun. Jẹ́ kó tòrò. Omi tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé ó ti kú, ẹja wà nínú rẹ̀. Guppy ni wọ́n. Akọ kò gùn ju èékánná lọ, ìrù rẹ̀ sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Abo tóbi jù ú, ara rẹ̀ ṣú. Amẹ́ríkà Gúúsù ni ilé wọn. Àwọn ènìyàn ló kó wọn káàkiri ayé nítorí pé wọ́n ń jẹ tanwíjí.

Wá wo tanwíjí náà pẹ̀lú awò. Tó bá dorí kodò, tó fi ọ̀pá kékeré ìdí rẹ̀ kan ojú omi láti mí, Culex lo ń wò, ẹ̀fọn tó fẹ́ràn omi ìdọ̀tí. Tó bá sùn gbalaja lábẹ́ ojú omi, Anopheles nìyẹn, tó ń gbé ibà kiri. Omi òjò tó mọ́, nínú ihò ojú ọ̀nà, ni wàá ti sábà rí i. Fi ọwọ́ ṣe òjìji sórí àwo, gbogbo wọn yóò rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ẹ̀dá ń gbé, ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń mí àti ohun tó ń jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni niche. Tanwíjí méjèèjì yìí jọra lójú, niche wọn kò dọ́gba.

Ní etí ọ̀sà, má lé alákàn. Àwọn kéékèèké kan wà tí akọ wọn ní ọwọ́ kan tó tóbi fíìfíì ju èkejì lọ. Tẹ́ férémù sórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà, ka ihò wọn, kí o wá jókòó láìmira. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn yóò jáde. Kọ iye ihò àti iye alákàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí igi ẹ̀gbà bá ṣẹ́ kù, bíi ní apá ọ̀sà Yunifásítì Èkó ní Akọka, wo gbòǹgbò rẹ̀ tó dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn: ìgbín omi lẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ ẹja sì ń sá sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnubodè Yunifásítì náà ń fẹ́ lẹ́tà o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ló ń jẹ ta ni?

Ìwọ̀nba ohun tí o fojú rí ni kí o kọ. Tí o bá rí alángbá tó ṣa èèrà jẹ, kọ ọ́. Tí o bá rí lékeléke tó ń ṣa nǹkan nínú ẹrẹ̀ ṣùgbọ́n tí o kò rí ohun tó gbé mì, kọ “lékeléke, oúnjẹ rẹ̀ kò hàn”.

Fi ọfà so wọn pọ̀. Láti ara ẹni tí wọ́n jẹ ni ọfà ti ń jáde lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́, nítorí ọ̀nà tí oúnjẹ gbà ni ọfà ń tọ́ka sí. Ewé → tata → alángbá → àwòdì. Ewé ni producer, torí pé oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn yòókù ni consumer. Ìdin àti olú tó ń sọ òkú ewé di ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ rẹ. Ní ọ̀sà, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ẹ̀wọ̀n oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀: ewé ẹ̀gbà jábọ́, ó jẹrà, edé àti epìyà jẹ èérún rẹ̀, ẹyẹ jẹ ẹja. Ìyá tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ wà nínú ẹ̀wọ̀n náà, ìwọ tó o rà á lọ́wọ́ wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń yọ ènìyàn kúrò, bí ẹni pé a kì í jẹun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, fún ẹni tó yan ọ̀sà: àwọn ewé ojú omi

Oríṣi mẹ́ta ni kí o kọ́ láti dá mọ̀. Òṣíbàtà ta gbòǹgbò sí ìsàlẹ̀ omi, ewé rẹ̀ róbótó, ó tẹ́ sílẹ̀, ó sì ya níbì kan. Ojúoró ń léfòó fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ to yí po bí òdòdó, kò ní igi ewé, irun wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi mú un. Ẹ̀kẹta ni water hyacinth: igi ewé rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù kékeré tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, gbòǹgbò rẹ̀ dúdú bí ìyẹ́. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá. Ẹ̀kẹta kò tí ì pẹ́: Amẹ́ríkà Gúúsù ló ti wá, ní ọdún 1984 ló sì gba ojú omi Bẹ̀nẹ̀ wọ Bàdágìrì, tó wá tàn dé ọ̀sà wa. Bó bá ti bo omi, ìmọ́lẹ̀ kò lè wọlé, afẹ́fẹ́ inú omi a dín kù, àwọ̀n àti ẹ̀rọ ọkọ̀ àwọn apẹja a sì há.

Tẹ́ férémù tó ń léfòó, ìyẹn paípù tí o dí ẹnu rẹ̀, sórí ewé náà láti orí èbúté, kí o ka iye ìdí tó wà nínú rẹ̀. Fi igi fa ẹyọ kan sókè, gbọn gbòǹgbò rẹ̀ sínú àwo funfun tó ní omi díẹ̀. Ìgbín kéékèèké, ọmọ edé, ọmọ lámilámi tí kò tí ì ní ìyẹ́: ka gbogbo wọn. Àlejò tó ń dí ọ̀nà apẹja yìí ti di ilé fún ẹ̀dá mìíràn, apá méjèèjì ló sì yẹ kó wà nínú ìròyìn rẹ.

Nísinsìnyí, mú àwo iyọ̀ rẹ jáde. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù keje, òjò àti odò Ògùn ń tú omi adùn sínú ọ̀sà, iyọ̀ rẹ̀ a lọ sílẹ̀, water hyacinth a sì gbilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun, tí iyọ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, a ti ẹnu ọ̀nà òkun wọlé. Ewé náà a pọ́n, a rà, a sì rì. Tí o bá lè sá omi lóòrùn ní oṣù keje àti ní oṣù kejì, kí o sì ka ewé lọ́jọ́ kan náà, wàá fi ẹ̀rí tìrẹ hàn bí ohun tí kò lẹ́mìí ṣe ń pàṣẹ fún ohun ẹlẹ́mìí. Má gbé ewé yìí lọ sílé lọ́ṣọ̀ọ́, má sì jù ú sí gọ́tà. Èyí tí o bá fà sókè, sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ títí yóò fi kú pátápátá.

Ìgbésẹ̀ keje: padà síbẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, padà ní aago kan náà, kí o ṣe ohun kan náà. Kọ ohun tó yí padà: òjò, ewé tí wọ́n ro, pàǹtí tuntun, omi títẹ̀ ìwé tí ẹnì kan dà sí gọ́tà tó sọ omi di aláwọ̀ búlúù. Tí guppy bá pòórá lẹ́yìn èyí, má tíì sọ pé òun ló pa wọ́n. Òjò ńlá náà lè ti gbá wọn lọ. Kọ méjèèjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó burú jù ni dídà ìwé kọ. Tíṣà tó bá rí ìkookò nínú ẹ̀wọ̀n oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Fọlá Àgòrò kò ní nílò ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọfà tó dojú kọ ibi tí kò yẹ. Àwọn kan tún máa ń ka ìdì koríko kan bí ewé ẹyọ kan lónìí, tí wọ́n á ka ẹ̀ka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́la. Mú ọ̀kan, kí o kọ èyí tí o mú sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkọ “kòkòrò” tàbí “ẹyẹ” lásán: kọ ìwọ̀n rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe, orúkọ lè dé tó bá yá. Má tún iye rẹ ṣe kó lè dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀rẹ́ rẹ. Ilẹ̀ yín kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí o tó kúrò ní pápá

Dá ẹran kọ̀ọ̀kan padà sí ibi tí o ti mú un, tanwíjí nìkan ni kí o dà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Hú kọ́ọ̀pù, dí ihò, fa èèkàn tu. Fọ bàtà àti àwọ̀n, kí o sì sá wọn kí wọ́n gbẹ kí o tó gbé wọn lọ sí omi mìíràn, kí èso ewé àti ẹyin ìgbín má bàa tẹ̀ lé ọ. Tẹ ìròyìn rẹ ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti tíṣà. Mú èkejì lọ fún Baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ onílé tó yọ̀ǹda àyè fún yín, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yóò tún wá béèrè lọ́dún tó ń bọ̀.